Kóòdù Tí Wolé-wolé Kò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Orúkọ tí àwọn òbí ọkùnrin yìí sọ ọ́ wà nínú ìwé ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Wolé-wolé ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Òun ni ìjọba máa ń rán lọ sí ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ìsọ̀ ẹlẹ́ran láti lọ wò ó bóyá ibẹ̀ mọ́. Ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì ní imú kan tí kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní tíì dé ìdí sítóòfù tí imú yẹn á ti sọ fún un pé ẹran kan wà nínú fíríìjì tó ti ń kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń rí lẹ́nu iṣẹ́ kò ṣeé sọ nídìí oúnjẹ. Ọ̀rá tó ti dì bí àtè lẹ́yìn sítóòfù, tí irun àti ìyẹ́ aáyán lẹ̀ mọ́ ọn. Alásè tó fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò, tó lá ṣíbí náà tónítóní, tó sì dá a padà sínú ìkòkò. Aṣọ ìnuwọ́ kan tí wọ́n fi ń nu tábìlì, tí wọ́n fi ń nu ọ̀bẹ, tí ọ̀gá ilé oúnjẹ náà fi nu òógùn iwájú orí rẹ̀ níṣojú Wolé-wolé, tó wá ń bi í pé, "Kí ni kí wọ́n bù fún yín, ọ̀gá?" Wolé-wolé kì í pariwo mọ́ wọn. Ara rẹ̀ ló kàn máa ń kọ̀ ọ́. Itọ́ kíkan á dà sí i lẹ́nu, á wá kọ ohun tó rí sílẹ̀, á sì jáde. Bó ṣe ń ṣe báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dé ibi tí kò ti lè jẹ ohunkóhun mọ́ àfi èyí tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè nínú ilé ìdáná tirẹ̀, tó ń fi omi gbígbóná fọ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kó lè máa to àbájáde àyẹ̀wò jọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ géèmù kéékèèké nílé, bọ́ọ̀lù tó ń ta lára ògiri, ọkọ̀ ojú omi tó ń sá fún òkúta. Ohun tó wù ú níbẹ̀ ni pé kò sí òórùn. Ohun tó o bá kọ náà lo máa rí. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, kì í rà. Á dúró gbọin síbi tó ti bàjẹ́ títí wàá fi wá tún un ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Fíríìjì nítorí pé fíríìjì ló ń tún ṣe. Òun náà kọ́ kóòdù, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ti kọ́ ọ, níbi tó ti máa ń jókòó sí tí yóò máa dúró de fíríìjì kó tutù. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Ọ̀gá Fíríìjì lè ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó fa òkú eku yọ, kó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó nu ọwọ́ sí ìdí ṣòkòtò, kó sì padà sídìí búrẹ́dì tó ń jẹ. Wolé-wolé ti rí i níbi tó ti ṣe é. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láìronú kàn án.

Ilé oúnjẹ kan létí ibùdókọ̀ ni ọ̀rọ̀ géèmù kan tí àwọn méjèèjì jọ dáwọ́ lé ti bẹ̀rẹ̀. Wolé-wolé lọ yẹ ibẹ̀ wò, ó sì bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti pè é torí fíríìjì ńlá kan tí kò tutù mọ́. Ọ̀gá Fíríìjì fa fíríìjì náà síwájú, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aáyán ni. Wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dà wìì, wọ́n gba orí bàtà Wolé-wolé kọjá, wọ́n sì wọ abẹ́ sítóòfù lọ. Alásè tó ń din ẹyin nídìí sítóòfù yẹn kàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí wọ́n lè kọjá ni, ó sì ń bá ẹyin rẹ̀ lọ.

Wolé-wolé jáde, ó lọ bì sínú gọ́tà. Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àna, ohun tá a rí yìí tó ohun tá a lè fi kọ géèmù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n mí ná."

"Mí dáadáa. Àmọ́ rò ó wò. Wolé-wolé wọlé, iná tàn, gbogbo wọn sá. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, màá bá ẹ dá sí i."

Wolé-wolé nu ẹnu rẹ̀, ó sì rò ó lóòótọ́. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni pé nínú géèmù, ìdọ̀tí lè tán. Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kì í tán. Ilé oúnjẹ tó bá tì pa lónìí á tún ṣí padà, á sì tún bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú géèmù, èèyàn lè nu ilé ìdáná kan títí yóò fi mọ́, kó sì wà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì nínú ilé ìdáná, ibẹ̀ nìkan ni àyè wà. Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Fíríìjì ti wà lórí tábìlì náà tipẹ́, bọ́tìnì rẹ̀ kan ti jábọ́, èérún búrẹ́dì ti kún àárín àwọn tó kù, ọ̀rá ọwọ́ sì ń dán lórí wọn. Wolé-wolé tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sábẹ́ tirẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láti pinnu ni irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ géèmù kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Àwọn kan ti kọ ìpìlẹ̀ sílẹ̀: bí àwòrán ṣe máa hàn, bí ohùn ṣe máa dún, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé èèyàn ti tẹ bọ́tìnì. Férémùwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Egungun lásán ni, ìwọ lo máa fi kóòdù tìrẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ran. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé kóòdù kọ́ lo máa kọ́kọ́ kọ. Fèrèsé ràgàjì kan ló máa ṣí fún ẹ lójú kọ̀ǹpútà, tí wàá máa fa àwòrán láti ibí sí ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ti gbìyànjú irú èyí rí. Ó mú kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Fíríìjì gbóná débi pé ó ń gbé e sórí omi dídì. Ní ti Wolé-wolé, ọjọ́ kan ló fa àwòrán kan sọ́tùn-ún, tó ṣí fáìlì wò, tó bá ojú ìwé gígùn gbọọrọ kan níbẹ̀ tí òun ò kọ, tí òun ò sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni kọ. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan tí òun ò mọ̀ ń sebẹ̀ nínú ìkòkò òun. Ọjọ́ náà ló pa á tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ni irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó.

Wọ́n wá fẹnu kò pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́, kóòdù ni wọ́n sì máa fi kọ gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta ló kù lójú wọn, Ọ̀gá Fíríìjì sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó pe àkọ́kọ́ ní Alábàárù. Géèmù tó o bá fi kọ máa ń ṣí lójú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ti ní fóònù ti lè ṣe é. Ojú ewé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ń dán, àpẹẹrẹ pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n bí Wolé-wolé ṣe ní kó wọlé sórí kọ̀ǹpútà òun, kò dá nìkan wá. Ó lọ kó ẹbí, ó kó ará, ó kó aládùúgbò. Wolé-wolé ṣí àpò fáìlì tó kó wá, ó bá àpò mìíràn nínú rẹ̀, ó bá òmíràn nínú ìyẹn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìlà kan péré ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà tí ẹni tó kọ ọ́ ti pa á tì láti ọdún pípẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó ń bojú tó o.

"Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?" Wolé-wolé béèrè, imú rẹ̀ ti ń ká sókè. "Tí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ilé oúnjẹ tí iwájú ẹ̀ ń dán, tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ààtàn. Mo tì í pa."

Èkejì ni Tín-ín-rín. Ó kéré débi pé Wolé-wolé ka gbogbo inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ níjókòó kan. Orúkọ ohun gbogbo bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Àdéhùn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò gùn, ó kàn sọ pé kí èèyàn fi ṣe ohun tó bá wù ú ni. Àmọ́ kò fún èèyàn ní ohun púpọ̀. Bí nǹkan méjì bá fara kanra lójú géèmù, ìwọ lo máa kọ bí wọ́n ṣe máa mọ̀. Láti gbé e sórí fóònù, wàhálà gidi ni. Àwọn tó ń lò ó ò sì pọ̀, èèyàn lè béèrè ìbéèrè kó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹta ni Wúruwùru. Ó ti pẹ́ láyé, ọwọ́ tó ti kàn án kò lóǹkà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láti ya àwòrán kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ ọ́ sára méjì nínú wọn pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́. Àlàyé rẹ̀ máa ń gé sáàárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣòro tó o lè ní pẹ̀lú rẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì ní rí, tí ẹlòmíràn ò tíì fún un lésì. Ó sì wà ní èdè kóòdù tí Ọ̀gá Fíríìjì gbọ́.

"Wúruwùru lèmi fara mọ́," Ọ̀gá Fíríìjì ní. "Mo mọ ọ̀nà inú ẹ̀."

"Ẹ wo inú ẹ̀, Ọ̀gá. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹnì kan lẹ nǹkan mọ́ nǹkan, ẹlòmíì tún wá lẹ òmíì lé e lórí. Tí n bá fọwọ́ kan èyí, mo ní láti wẹ̀."

"Ó ń ṣiṣẹ́ ṣá."

"Gbogbo ilé ìdáná tí mò ń tì pa ló ń ṣiṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń se ìrẹsì lẹ́yìn wọn. Alásè ilé ìwé ni, odindi ilé ìwé ló ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó yíjú sí wọn pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. "Ṣé kí n bu tìẹ, àbúrò?"

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti jẹun kí n tó wá."

"O máa ń jẹun kó o tó wá," obìnrin náà ní, ó sì bu ti ọkọ rẹ̀.

Tín-ín-rín ni wọ́n mú, torí pé Ọ̀gá Fíríìjì kì í fẹ́ bá àna rẹ̀ jiyàn pẹ́. Wolé-wolé ló máa kọ kóòdù, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa ya àwòrán aáyán. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù náà máa jẹ́ wolé-wolé, á máa wá ìdọ̀tí kiri, á sì máa nù ún títí yóò fi tán.

Oṣù ń gorí oṣù. Wolé-wolé fi kóòdù kọ ilé ìdáná kan tí kò sí irú rẹ̀. Táìlì ilẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn mu, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì. Ó kọ kóòdù ilẹ̀kùn náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ọ̀gá Fíríìjì fi àwòrán aáyán ránṣẹ́, aáyán tó ń rìn, aáyán tó dojú délẹ̀, aáyán tó ń fi ìwo rẹ̀ yẹ afẹ́fẹ́ wò. Wolé-wolé ní kó ní sùúrù ná, pé òun fẹ́ kí ibi tí wọ́n máa gbà wọlé dára kọ́kọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò wù ú láti kó wọn wọ inú ilé tó mọ́ yẹn. Bó bá ti ṣí àwòrán ọ̀kan, á rántí ohun tó gba orí bàtà rẹ̀ kọjá, á sì tún pa á dé. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Fíríìjì ò béèrè mọ́.

Ní Sátidé kan, bí Wolé-wolé ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn lọ, ó gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọmọdé tó mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tí kò yẹ. Nígbà tó wọlé, ó bá a nídìí tábìlì, kọ̀ǹpútà olọ́ràá yẹn níwájú rẹ̀, ó ń tẹ bọ́tìnì pẹ̀lú ìka tí ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀.

"Wò ó, wò ó, ó ń bọ̀," obìnrin náà ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Wolé-wolé wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aáyán kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń sá káàkiri inú ilé ìdáná tó dọ̀tí gan-an. Èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbóòórùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń dúró, ó ń fi ìwo gbọ́ nǹkan, ó tún ń sáré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin gíga kan wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, imú rẹ̀ gùn bí ẹnu ìgò, aáyán náà sì yọ́ wọ abẹ́ páànù kan.

"Èmi nìyẹn," Wolé-wolé ní.

Ọ̀gá Fíríìjì dìde lórí àga. Ojú ń tì í díẹ̀. "Wúruwùru ni mo fi kọ ọ́, nígbà tí mò ń dúró de àwọn fíríìjì. Mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ èmi di ọ̀tá, ẹ wá ń gbè sẹ́yìn aáyán."

"Àna, mo gbìyànjú tìẹ náà. Kò sẹ́ni tó wù kó máa nu ilẹ̀. Àmọ́ gbogbo èèyàn ló mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa fi tọ́ọ̀ṣì wá èèyàn kiri."

Wolé-wolé ní kí ó jẹ́ kí òun rí kóòdù náà. Ọ̀gá Fíríìjì ṣí i fún un. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò lópin. Orúkọ tó sọ àwọn aáyán náà ni aáyán, aáyánkejì, aáyánmíì, àti aáyángangan. Ohun kan náà ló kọ sí ibi púpọ̀, ìlà sí ìlà, bí ẹni tó da ọbẹ̀ kan náà sí gbogbo àwo tó wà nílé. Níbì kan ó kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibí yìí, torí òun ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

Wolé-wolé sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń rí sókè, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ohùn ẹnu iṣẹ́ lòun fi ń kà á. Ó ní ìdọ̀tí wà lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí wà ní igun. Ó ní wọ́n da èyí tó tutù pọ̀ mọ́ èyí tó gbóná. Ó ní ẹni tó ń lo ibí yìí ò mọ ohun tí ìmọ́tótó ń jẹ́, òun ò sì mọ bí èèyàn gidi ṣe lè máa gbé inú irú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fọ ìkòkò. Ó pa ẹ̀rọ omi.

"Ilé ta lò ń sọ?"

"Kóòdù yìí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ilé mi lò ń sọ. Mo mọ ohùn yẹn, ojú tó o fi ń wo ìkòkò mi látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ náà ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń jẹ oúnjẹ mi, wọ́n ń dàgbà. Àwọn ará ọ́fíìsì yín ti wá wo ibi tí mo ti ń sè é, wọ́n ní ó mọ́. Ìwọ ọmọ ìyá mi, o ò mu omi mi rí. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, ẹ fi í sílẹ̀, kò lè ṣe é ni, kì í ṣe pé ó kórìíra wa. Ọkọ mi wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan, ó pa mí lẹ́rìn-ín, o sì ń yínmú sí i. Mi ò mọ èyí tí màá gbà gbọ́ mọ́."

Wolé-wolé kúrò nídìí tábìlì. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ó ṣí Tín-ín-rín, ó wo ilé ìdáná tó mọ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ yẹ ilé búrẹ́dì kan wò. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn wọlé, àwọn tó wà nínú ilé yà lọ sí igun gbogbo. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ ti garawa kan sábẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin kan tó ń po ìyẹ̀fun kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró gán-án, kò mí. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe báyìí fún Wolé-wolé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ fiyè sí i. Ó ṣì ṣí garawa náà. Kòkòrò funfun ló ń yí nínú ìyẹ̀fun ibẹ̀, wọ́n ń wọ́ gba orí ara wọn, ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Kó tó jáde, ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú, pé kò sóhun tó ṣe ọwọ́ náà.

Ó padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sátidé. Obìnrin náà kí i, kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, wolé-wolé inú géèmù yín ò mọṣẹ́."

"Báwo?"

"Àárín ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò. Kò sí wolé-wolé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la kọ́kọ́ máa ń wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Lẹ́yìn ẹ̀, a óò dúró. A ò ní ṣe nǹkan kan. Ohun tó bá wà nínú ilé á rò pé a ti lọ, á sì mira."

Ọ̀gá Fíríìjì wò ó. "Wúruwùru la fi ń kọ ọ́ o."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà."

Ó fi aṣọ tútù nu àwọn bọ́tìnì náà, aṣọ náà dúdú, ó yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó kọ bí wolé-wolé inú géèmù ṣe máa wọlé, bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa yí orí padà lójijì. Gbogbo ìlà tó bá kọ ló ń rí i lára, torí àárín ìdọ̀tí ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà kan, ó gbìyànjú láti yí orúkọ aáyángangan padà, gbogbo aáyán sì dúró sójú kan. Ọ̀gá Fíríìjì ní kó dá orúkọ náà padà, kó má béèrè ìdí. Ó dá a padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbìyànjú rẹ̀, wolé-wolé náà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ́, obìnrin náà rò pé ó ti lọ, ó rọra darí aáyán rẹ̀ jáde, tọ́ọ̀ṣì sì tàn lé e lójú. Ó ké, ó fi ọwọ́ gbá àyà.

"Ọmọ burúkú," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Wolé-wolé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bu díẹ̀ fún mi."

"Má ṣàánú mi."

"Mi ò ṣàánú yín. Mo fẹ́ gbìyànjú ni. Tí n bá sáré jáde, ẹ má bínú."

Obìnrin náà mú àwo kan, ó tún un fọ̀ níṣojú rẹ̀ láìjẹ́ pé Wolé-wolé sọ fún un, ó sì dun Wolé-wolé pé ó ní láti fọ̀ ọ́. Ìrẹsì àti ẹyin ni. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ lé ògiri. Ó dúró, ó tún bu òmíràn sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó wò ó. Oúnjẹ náà kò dùn mọ́ ọn, kò sì bì í. Kò tíì lè ṣe é ní gbogbo ìgbà títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Bó bá ti iṣẹ́ burúkú kan dé, á ní òun ti jẹun kí òun tó wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì ní kó lọ jókòó.

Wọ́n gbé géèmù náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ sì ń kọ̀wé pé ẹ̀rù ọkùnrin onítọ́ọ̀ṣì yẹn ń ba àwọn. Ẹ̀yà tuntun Wúruwùru jáde, ó ba ìdajì iṣẹ́ wọn jẹ́, Wolé-wolé sì bínú fún odindi ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá Fíríìjì ní kí wọ́n máa lo ti àtijọ́ lọ. Ti àtijọ́ náà ni wọ́n ń lò.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan tó ń bẹ̀rẹ̀ géèmù tirẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé èwo ni kí òun mú nínú àwọn irinṣẹ́ mẹ́ta náà. Wolé-wolé ló fèsì. Ó ní èyí tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá mọ̀ ni kó mú. Ó ní ẹlẹ́gbin ni èyí táwọn lò, kó wẹ ọwọ́ rẹ̀ tó bá ṣe tán. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Kò yọ ọ́.